Odò Tí Disney Dí: Kí Ló Ń Bí Àwọn Olólùfẹ́ Ọgbà Ìgbafẹ́ Nínú?

Lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2025, ọkọ̀ ojú omi Liberty Belle gbé èrò fún ìgbà ìkẹyìn ní Magic Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí iléeṣẹ́ Disney kọ́ sítòsí Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkọ̀ náà, odò tó ń ná, àti erékùṣù Tom Sawyer tó wà láàárín odò ọ̀hún ti di ohun àná. Disney ní àwọn máa dí odò náà, àwọn á sì kọ́ ibi ìṣeré tuntun síbẹ̀, èyí tí wọ́n fa yọ látinú Cars, fíìmù àwọn mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Piston Peak National Park ni wọ́n sọ ọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024 tí ìkéde náà ti jáde ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ ọgbà náà, kò sì tíì rọlẹ̀.

Níbí l'Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ àti àbúrò wa tó wà lókè òkun ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí dé etí wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbarà, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Florida, bi mí pé: "Ṣé torí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ làwọn èèyàn yìí ṣe ń sunkún?" Ìbéèrè tó dáa ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n ń sunkún, mi ò sì rò pé ẹ̀kún òmùgọ̀ ni. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bá a ṣe lè rò lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀.

Kí ni odò yìí gan-an? Magic Kingdom ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1971. Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná odò náà, erékùṣù sì tẹ̀lé e ní 1973. Ọkọ̀ tó ṣẹ́kù níkẹyìn, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Liberty Belle ní 1996, jẹ́ ọkọ̀ alájà tí ooru omi gbígbóná ń mú rìn, tí kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń bu omi sókè. Irin kan wà lábẹ́ omi tí ọkọ̀ náà ń tọ̀, kò lè ṣìnà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á yí erékùṣù ká jẹ́jẹ́, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lára, ẹnikẹ́ni kò ní jù ú sókè sódò. Lórí erékùṣù fúnra rẹ̀, ihò àpáta wà, afárá tó ń mì wà, odi onígi bíi ti àwọn ọmọ ogun ayé ọjọ́un wà. Tí ọkọ̀ pákó bá ti gbé àwọn ọmọdé sọdá báyìí, ìlà tán. Wọ́n á sáré wọ ihò yìí, wọ́n á gba tọ̀hún jáde, àwọn òbí wọn á sì wábi jókòó sí lábẹ́ igi.

Ẹni tí kò bá dé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ rí lè má mọ bí ìjókòó yẹn ṣe níyelórí tó. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ jù lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún ẹnì kan ní Magic Kingdom ń lọ sí nǹkan bí 200 dọ́là. Ẹni tó bá san irú owó yẹn á fẹ́ gun gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, àmọ́ ìlà ni yóò máa tò. Oòrùn Florida nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kì í ṣe eré, ariwo orin kì í dá, ọmọ ń sunkún, bàbá ń wo aago. Láàárín gbogbo rẹ̀, ibì kan wà tí omi ti ń ṣàn, tí igi ti ṣíji bo ilẹ̀, tí wọn kì í sì í tò sórí ìlà pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n dí.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Disney náà. Odò gba ilẹ̀ púpọ̀ láàárín ọgbà, ìwọ̀nba èèyàn ló sì ń lò ó bí a bá fi wé àwọn ohun ìgùn ńlá tí gbogbo ayé ń dù. Ọkọ̀ ojú omi kò ní bèbí tí ọmọ lè fà bàbá rẹ̀ lápá láti rà. Kò sì sẹ́ni tó máa sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kó ré ìlà kọjá níbi tí kò ti sí ìlà, bẹ́ẹ̀ owó ìréìlàkọjá yìí, tí wọ́n ń pè ní Lightning Lane, ti di ọ̀nà owó gidi fún iléeṣẹ́ náà. Ní 2023, Disney kéde pé àwọn máa ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 60 dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá sórí àwọn ọgbà àti ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn. Wọ́n ní ìdí láti yára: Universal, tó ń bá wọn du èrò ní Orlando, ṣí ọgbà tuntun tó ń jẹ́ Epic Universe lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ohun tó sì jẹ mọ́ Cars ti ṣe dáadáa fún Disney rí. Apá tí wọ́n kọ́ fún fíìmù yẹn ní California ní 2012 ṣì wà lára ibi tí èrò máa ń rọ́ lọ jù níbẹ̀ títí dòní, kódà àwọn tó ń bínú yìí gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ rẹwà.

Nítorí náà, ìjà wọn kì í ṣe pé Cars kò dáa. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni. Ilẹ̀ tí Disney ní ní Florida ju 25,000 éékà lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ igbó àti àbàtà tí wọn kò kọ́ nǹkan kan sí. Kí ló wá dé tí ohun tuntun kò fi lè wà lẹ́yìn odò, kí odò wà níbi tó wà? Wọ́n tún ń béèrè ohun tí mọ́tò ń wá ní Frontierland, apá ọgbà tí wọ́n kọ́ bí Amẹ́ríkà ìgbà ẹṣin àti ọkọ̀ ojú omi. Ìdáhùn Disney sí èyí ni pé àwòrán àwọn òkè àti igbó ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni àwọn máa fi ya ibi tuntun náà, kó lè bá àyíká rẹ̀ mu. Ní tèmi, ìbéèrè ti ilẹ̀ ló lágbára jù. Ti mọ́tò àti ẹṣin yẹn, èèyàn á mọ́ ọn lójú.

Àwọn tó fara mọ́ àyípadà kì í pẹ́ rántí Walt Disney fúnra rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun ló sọ pé Disneyland, ọgbà àkọ́kọ́ tó ṣí ní California ní 1955, kò ní parí láé níwọ̀n ìgbà tí ọgbọ́n àtinúdá bá ṣì wà láyé. Ó sì ṣe bó ṣe wí. Eré àwọn ẹranko àti àwọn tó ń ta òkìtì tí wọ́n gbé wá sínú ọgbà náà lọ́dún tó ṣí kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí àwọn èèyàn kò wá wò ó. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń jẹ́ Viewliner bẹ̀rẹ̀ ní 1957, wọ́n sì mú un kúrò ní 1958. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ohun tí Walt mú kúrò ni ohun tí kò ṣiṣẹ́. Odò tó wà ní Disneyland, òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, erékùṣù tó wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ya bó ṣe máa rí, kò sì mú wọn kúrò títí tó fi kú ní 1966.

Tí a bá wo ẹ̀yìn, a ó rí i pé irú ìjà yìí kì í parí sí ibì kan náà. Ní 1998, nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ohun ìgùn Mr. Toad kúrò ní Magic Kingdom kí wọ́n lè fi Winnie the Pooh síbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wọ ẹ̀wù kan náà, wọ́n kóra jọ sí iwájú rẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, Universal ti ohun ìgùn Jaws pa, èyí tí ẹja ekurá ńlá ti ń fò jáde látinú omi. Àwọn èèyàn ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ gan-an. Ní oṣù Keje ọdún 2014, Diagon Alley ti Harry Potter ṣí lórí ilẹ̀ kan náà, ó dára débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣọ̀fọ̀ ló bá àwọn yòókù tò sórí ìlà. Bí ohun tuntun bá ju ti àtijọ́ lọ lóòótọ́, ọkàn èèyàn máa ń yọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Epcot, ọgbà Disney mìíràn ní Florida. Ohun ìgùn kan wà níbẹ̀ láti 1983 tó dá lé ọgbọ́n inú èèyàn, dírágónì kékeré aláwọ̀ àlùkò kan tó ń jẹ́ Figment ló sì gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 1999 wọ́n ṣí òmíràn dípò rẹ̀, níbi tí Figment kò ti rí àyè ju ìfarahàn fìrí lọ. Àwọn èèyàn kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹ̀sùn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tì í pa ní 2001, nígbà tó sì máa fi tún ṣí ní 2002, Figment ti padà dé. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ máa ń fi ṣe ẹ̀rí nìyẹn pé ohùn àwọn kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa ni Splash Mountain, nítorí ó kan àwa ọmọ Yorùbá lọ́nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀.

Splash Mountain ṣí ní Disneyland ní 1989, ó sì dé Florida ní 1992. Wọ́n á gbé èèyàn sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bí ìtì igi, á gba inú ihò àti ilé àwọn ẹranko tó ń kọrin kọjá, lẹ́yìn náà á já láti ibi gíga tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50 bọ́ sínú omi. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ kọjá sísọ. Ìtàn tó wà nínú rẹ̀ ló ní ẹjọ́. Inú fíìmù Song of the South, tí Disney ṣe ní 1946, ni wọ́n ti mú un. Fíìmù náà fi ìgbésí ayé àwọn aláwọ̀ dúdú ní oko àwọn òyìnbó hàn bí ẹni pé ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀, láìpẹ́ sígbà tí oko ẹrú parí. Láti ọdún tó jáde ni NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. James Baskett, aláwọ̀ dúdú tó ṣe olú eré nínú rẹ̀, kò lè lọ síbi ìfihàn àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Atlanta, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Disney kò ta fíìmù náà fún ìwò inú ilé ní Amẹ́ríkà rí. Síbẹ̀, ohun ìgùn tó tinú rẹ̀ jáde ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà tí ìwọ́de lórí ikú George Floyd ń lọ, Disney kéde pé àwọn máa yí i padà sí ìtàn Tiana, ọmọ-ọba-bìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú àwọn fíìmù wọn, èyí tó jáde ní 2009. Wọ́n ti Splash Mountain ti Florida pa ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Tiana's Bayou Adventure sì ṣí níbẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ti California ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà.

Ariwo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ti odò lọ, nítorí ìjà méjì ló wọnú ara wọn. Àwọn kan ń bínú torí pé wọ́n mú ohun tí wọ́n fi ṣe ọmọdé kúrò. Àwọn mìíràn ń bínú torí pé wọn kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn kò ní ẹjọ́ tó yẹ ká gbọ́. Àwọn kan tún wà tí inú wọn dùn sí Tiana, tí wọ́n sì sọ pé ìtàn tí wọ́n fún un kò lágbára: ó ń wá olórin fún àríyá, kò sí ọ̀tá, kò sí ewu, bẹ́ẹ̀ omi máa já ọ láti òkè gíga. Ẹ̀sùn gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ bu ọlá fún ọmọ aláwọ̀ dúdú, ìtàn tó dára jù lọ ni kí wọ́n fún un.

Ibi tó kan àwa nìyí. Àwọn ìtàn ehoro ọlọ́gbọ́n tó wà nínú Splash Mountain, ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni òyìnbó akọ̀ròyìn Joel Chandler Harris ti gbọ́ wọn kó tó kọ wọ́n sílẹ̀ ní nǹkan bí 1880. Àwọn baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyẹn ni wọ́n kó láti Áfíríkà. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá tó ń jí nǹkan lóko, tí olóko fi ère tí wọ́n kùn ní àtè dúró dè é? Ó kí ère, ère kò dáhùn. Ó gbá a létí, ọwọ́ lẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, ẹsẹ̀ lẹ̀. Ìtàn ehoro àti ère ọ̀dà tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ kò yàtọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Splash Mountain, wọ́n yọ ère ọ̀dà náà kúrò nítorí pé ó ti di ọ̀rọ̀ èébú sí aláwọ̀ dúdú, wọ́n fi oyin rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di 2023, wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Mo gbà pé ó yẹ kí fíìmù yẹn àti ohun tó tinú rẹ̀ wá kúrò. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé àlọ́ tó la òkun kọjá nínú ọkọ̀ ẹrú, tí ìyá àti ìyá àgbà fi tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ àjèjì, ló gba ìyà ohun tí òyìnbó fi í ṣe. Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí mo kà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló mẹ́nu kan èyí. Wọ́n ń jà lórí ẹni tó ni ohun ìgùn, wọn kò béèrè ẹni tó ni ìtàn.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹranko tó ń kọrin nínú Splash Mountain ti California kì í ṣe tuntun nígbà tó ṣí. Eré kan tó ń jẹ́ America Sings, tó wà ní Disneyland láti 1974 sí 1988, ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àtijọ́ tí kò yẹ ní fífọwọ́ kàn, ara ohun mìíràn tí wọ́n tú ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Èyí ló mú mi ronú sí Olúmọ. Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ o. Ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ odò Disney, inú ihò Olúmọ sì ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí lákòókò ogun, nígbà tí wọ́n tẹ̀ dó síbí ní nǹkan bí 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló wá bá a nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ṣí i ní 2006 pẹ̀lú lífítì. Mo gbọ́ àwọn tó sọ pé ó ba iyì àpáta jẹ́, pé gígun ni Olúmọ. Èmi kò bá wọn rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ṣì wà, ihò ṣì wà, ojúbọ ṣì wà. Ẹni tí orúnkún ń dùn ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ gùn ní tirẹ̀. Wọ́n fi kún un ni, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kọ́ sí Èkó fún FESTAC náà, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Abẹ́òkúta wa, Wọlé Ṣóyínká, sọ ní 2024, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe wọ́n sì jẹ́ kí ìta rẹ̀ tó dà bíi fìlà ológun wà bó ṣe wà.

Tí wọ́n bá tún gbé ètò wá láti sọ Olúmọ di ti ìgbàlódé, tàbí láti kọ́ ọgbà ìṣeré sí ibòmíràn nílùú yìí, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni iṣẹ́ tí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń ṣe fún àwọn èèyàn, àti ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń pa owó wọlé. Òjìji, ìjókòó ọ̀fẹ́, àyè tí ọmọ ti lè sáré láìsanwó, kò sí èyí tó ń hàn nínú ìwé ìṣirò owó iléeṣẹ́ kankan, títí wọ́n á fi mú un kúrò. Ibi tí mo rò pé Disney ti kùnà lórí odò nìyẹn. Splash Mountain ní ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn níbi, ó sì yẹ kó kúrò. Jaws rí ohun tó jù ú lọ. Odò kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, iṣẹ́ ìsinmi tó ń ṣe kò sì sí lára ohun tí mọ́tò Cars lè ṣe.

Odò kò tíì tán nínú àwọn ọgbà Disney. Èyí tí Walt gbẹ́ ní California ṣì wà, ọkọ̀ Mark Twain tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọgbà ṣí ní 1955 ṣì ń ná an. Ti Tokyo wà láti 1983, ti Paris láti 1992. Tokyo náà ni Splash Mountain kan ṣoṣo tó kù láyé wà, àwọn tó ń ṣàárò rẹ̀ sì ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Japan láti lọ gùn ún.